Òótọ́ àti Irọ́: Kí Ló Dé Tí Àwọn Ọ̀dọ́ Gúúsù Áfíríkà Fi Kẹ̀yìn sí Ẹgbẹ́ Mandela?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn ará Gúúsù Áfíríkà jáde lọ dìbò yan aṣòfin 400 sí ilé aṣòfin àpapọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ìdá 40.18 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ANC, ẹgbẹ́ Mandela, rí, ìjókòó 159 ló sì kàn án. Ẹgbẹ́ yìí ló ti ń léwájú ìjọba láti ọdún 1994. Ní 2004, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdá 70. Ní 2019, ó ṣì rí ìdá 57.5. Ní 2024 ni agbára rẹ̀ kò ká a mọ́ láti dá ìjọba gbé kalẹ̀. Ó di dandan kó pe àwọn ẹgbẹ́ mìíràn mọ́ra, títí kan DA tó ti ń bá a fà á láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1976, ìjọba Nàìjíríà dá àpò owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń jà fún òmìnira ní ìhà gúúsù Áfíríkà. Òṣìṣẹ́ ìjọba dá sí i láti inú owó oṣù rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà dá ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ gbé. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà lára àwọn àgbà tí àjọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì rán lọ ní 1986, tí wọ́n sì rí Mandela lẹ́wọ̀n. Àgbà tó bá rántí gbogbo èyí á máa bi ara rẹ̀ pé: ẹgbẹ́ tí a torí rẹ̀ yọ̀ǹda owó oṣù wa, kí ló ṣe tí ọmọ onílé fi kọ̀ ọ́? Ìbéèrè náà tọ́. Àwọn ìdáhùn tí wọ́n ń gbé kiri ni púpọ̀ nínú wọn kò tọ́. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Irọ́ kìíní: Aláìmoore ni àwọn ọ̀dọ́ náà. Wọ́n ti gbàgbé ìtàn.

Òótọ́: Wọ́n mọ ìtàn náà. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdọọdún, ìsinmi ni jákèjádò orílẹ̀-èdè wọn, ní ìrántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Soweto tí ọlọ́pàá yìnbọn fún ní 1976 nítorí pé wọ́n kọ̀ kí wọ́n máa fi èdè Afrikaans kọ́ wọn níwèé. Kò sí ọmọ tó lọ ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ tí kò gbọ́ nípa rẹ̀.

Ohun tó yàtọ̀ ni ojú tí olúkúlùkù fi rí ayé. Ẹni tó pé ọdún 18 ní 2024, ọdún 2006 ni wọ́n bí i. Mandela ti kúrò lórí àlééfà láti 1999. Nígbà tí bàbá náà kú ní oṣù Kejìlá 2013, ọmọ yìí ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí àti òbí àgbà rẹ̀ mọ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà lára: wọ́n gbé ìwé ìrìnnà tí ọlọ́pàá ń béèrè lójú pópó, wọ́n lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn, wọn kò sì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ẹni tó dàgbà dàgbà kó tó dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1994, ìbò náà fúnra rẹ̀ ni èrè ìjà. Kò sí ohun tí ẹgbẹ́ ANC lè ṣe lẹ́yìn ìyẹn tí yóò mú un gbàgbé ọjọ́ náà.

Ọmọ tí wọ́n bí sínú òmìnira kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láti rántí. Ẹ̀tọ́ ìdìbò ti wà nílẹ̀ kó tó dé ayé, ohun tó sì ń béèrè ni pé kí ni ẹ̀tọ́ náà rà fún òun. Àwọn òbí ń fi ANC wé àwọn aláwọ̀ funfun tó jẹ gàba lé wọn lórí. Ọmọ ń fi ANC wé ìlérí tí ANC fẹnu ara rẹ̀ ṣe. Òṣùwọ̀n méjì ni, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń wọ̀n.

Nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2024, kí ìdìbò tó dé, ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀ fi hàn pé nínú àwọn ọmọ ọdún 15 sí 34 tó ṣetán láti ṣiṣẹ́, ìdá 45.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò rí iṣẹ́. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 60. Yorùbá ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́ tó ti tẹ ìwé ìwáṣẹ́ káàkiri láti ọdún kẹta kò kọ̀ láti gbọ́ ìtàn Mandela. Ó ti gbọ́ ọ, ó sì ń dúró de ohun tó tẹ̀lé e.

Irọ́ kejì: Gbogbo wọn ló ti sá lọ sínú ẹgbẹ́ alátakò.

Òótọ́: Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò lọ síbì kankan. Ilé ni wọ́n jókòó sí.

Ẹ jẹ́ ká wo iye ìbò. Ní 1994, ó lé ní mílíọ̀nù 19 ènìyàn tó dìbò, ANC nìkan sì rí ju mílíọ̀nù 12 lọ. Ní 2024, àwọn tó ti tó ìdìbò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, síbẹ̀ bíi mílíọ̀nù 16 ló dìbò, ìbò ANC kò sì pé mílíọ̀nù 6.5. Nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀, ìdá 58.6 ló jáde. Ju mílíọ̀nù 10 àgbàlagbà lọ ni orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ìdìbò rárá, àwọn ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 18 àti 19, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta.

Bó bá jẹ́ pé àwọn alátakò ni ọ̀dọ́ ń tọ̀ lọ, à bá rí i lára EFF. Ẹgbẹ́ Julius Malema ni, ó ń wọ aṣọ pupa, ó ń fi ohùn líle sọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti iṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ló sì ń bá wí jù. Ìdá 10.8 ló ní ní 2019. Ní 2024, ó wá sílẹ̀ sí 9.5. DA ńkọ́? Láti 20.8 ló ti gùn dé 21.8. ANC ṣòfò ju ìdá 17 lọ láàárín ọdún márùn-ún, àwọn alátakò méjì tó tóbi jù nígbà náà kò sì rí tó ìdá méjì nínú rẹ̀.

Wọ́n lè sọ pé ọ̀lẹ ló mú wọn jókòó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2015 kò gba ọ̀rọ̀ yẹn láyè. Yúnífásítì Witwatersrand ní Johannesburg fẹ́ fi ìdá 10.5 kún owó ilé ẹ̀kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ẹnu ọ̀nà pa, ìwọ́de náà sì ràn dé àwọn yúnífásítì káàkiri orílẹ̀-èdè lábẹ́ orúkọ Fees Must Fall. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, wọ́n dé ọ́fíìsì ààrẹ ní Pretoria, Ààrẹ Jacob Zuma sì kéde lọ́jọ́ náà gan-an pé kò ní sí àfikún owó ní 2016. Ẹ̀kọ́ tí ìran kan kọ́ lọ́jọ́ yẹn ni pé ẹsẹ̀ tó rìn lójú títì ń gba èsì láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọwọ́ tó sàmì sí ìwé ìdìbò sì ń dúró fún ọdún márùn-ún. Ẹni tó bá ń wá ìdí tí wọn kò fi forúkọ sílẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Irọ́ kẹta: Zuma ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Òótọ́: Ó ba púpọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Òótọ́ ni pé ní oṣù Kejìlá 2023, Zuma tó ti jẹ olórí ANC rí jáde ṣe alátìlẹ́yìn fún ẹgbẹ́ tuntun kan, MK. Láàárín oṣù mẹ́fà, MK gba ìdá 14.58 nínú ìbò àpapọ̀, ó sì lé ANC sẹ́yìn pátápátá ní KwaZulu-Natal, ilẹ̀ àwọn Zulu. Kò sí ẹni tó lè sẹ́ pé ara ANC ni wọ́n ti bù ú.

Ṣùgbọ́n kí MK tó wà, ilé ti ń jò. Nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 2016, agbára bọ́ lọ́wọ́ ANC ní Johannesburg, ní Tshwane àti ní Nelson Mandela Bay, ìlú tó ń jẹ́ orúkọ bàbá náà gan-an. Nínú ti 2021, ìbò rẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè kò tó ìdajì mọ́.

Ẹ̀bi ààrẹ kan kò sì lè tóbi tó bẹ́ẹ̀ láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2014, Thuli Madonsela, ẹni tí òfin yàn láti máa gba ẹjọ́ ará ìlú lórí ìjọba, gbé ìwé jáde lórí owó ìlú tí wọ́n ná sí ilé Zuma ní Nkandla. Ní 2016, ilé ẹjọ́ tó ga jù dá Madonsela láre. Àwọn aṣòfin ANC ló dúró ti Zuma nínú gbogbo èyí, títí kan ìbò àìnígbẹ̀kẹ̀lé oṣù Kẹjọ 2017, níbi tí púpọ̀ nínú wọn ti dìbò kó má bàa lọ. Oṣù Kejì 2018 ló tó fipò sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Zondo wá jókòó láti ọdún náà wọ 2022, ó ń tú àṣírí bí àwọn oníṣòwò kan ṣe sọ ilé iṣẹ́ ìjọba di oko ìdílé wọn. Àwọn ọmọ tó ń wo ẹ̀rí yìí lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí wọ́n wà ní sẹ́kọ́ńdírì ló pé ọdún ìdìbò ní 2024. Wọn kò rí olè kan ṣoṣo. Wọ́n rí ilé tó mọ̀ tí kò wí.

Irọ́ kẹrin: ANC kò ṣe nǹkan kan fún ọgbọ̀n ọdún.

Òótọ́: Irọ́ yìí, ẹnu àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn la ti ń gbọ́ ọ, ó sì yẹ ká tú u bí a ṣe tú ti àwọn àgbà. Nínú ìkànìyàn 1996, ìdá 58 nínú àwọn ilé ló ń fi iná mànàmáná tan ilé. Ní ti 2022, ó ti lé ní 94. Ilé tó jẹ́ ilé gidi, tí kì í ṣe páànù àti pákó, lọ láti bíi ìdá 65 sí ju 88 lọ. Ó lé ní mílíọ̀nù 18 owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lóṣooṣù fún ọmọdé, arúgbó àti aláàbọ̀ ara, ká tó ka ráńdì 350 tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tí kò níṣẹ́ ní 2020. Láti 2018, ọmọ tálákà lè lọ yúnífásítì lórí owó ìjọba. Ẹgbẹ́ tó ṣe èyí kò jókòó lásán.

Kí ló wá dé? Ohun tí òbí kà sí iṣẹ́ ìyanu, ilẹ̀ tí ọmọ ń rìn lé lórí ni. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé oníná kò lè dúpẹ́ iná bí ìyá rẹ̀ tó fi àbẹ́là kàwé. Ìjọba sì bọ́ sínú ìṣòro níbi tó ti ṣe dáadáa jù: ó fa wáyà dé gbogbo ilé, kò rí iná tó láti fi sínú rẹ̀. Ní 2023, Eskom, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ìjọba, ń mú iná lọ ní ju 300 ọjọ́ lọ nínú ọdún náà. Onígbàjámọ̀, alurinmọ́rin, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò, gbogbo wọn ń wo àkókò iná bí ẹni ń wo aago ọkọ̀ ojú irin. Ní ìparí oṣù Kẹta 2024, iná wá dúró, kò lọ mọ́ nígbà náà. Ìdìbò ku oṣù méjì. Àwọn kan rò pé nítorí ìdìbò ni. Ẹni tí wọ́n ti já kulẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í tètè gba ire gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ṣí ẹnu ọ̀nà yúnífásítì, kò ṣí ti ilé iṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́, àga iṣẹ́ kò sí. Ìbínú ẹni tó kàwé tí kò ríṣẹ́ sì le ju ti ẹni tí kò ní ìrètí kan tẹ́lẹ̀.

Irọ́ karùn-ún: Íntánẹ́ẹ̀tì ló kó wọn nífà.

Òótọ́: Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì ní Soweto ní 1976. Fóònù ń mú ọ̀rọ̀ tètè dé, ó sì ń gbé irọ́ pẹ̀lú òótọ́. Kò lè dá ìyà tí kò sí sílẹ̀. Àfikún ìdá 10.5 tí Witwatersrand fẹ́ gbà wà lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó gbé e sórí Twitter. Ọta tí ọlọ́pàá fi pa òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà 34 ní Marikana ní oṣù Kẹjọ 2012, lábẹ́ ìjọba ANC, kì í ṣe àgbélẹ̀rọ. Ohun tí fóònù ṣe ni pé ó jẹ́ kí ọmọ tó wà ní abúlé rí i.

Irọ́ kẹfà: Bí ẹgbẹ́ bá ti fi ọ̀dọ́ mélòó kan sípò, wọ́n á padà.

Òótọ́: Ìtàn ẹ̀ka ọ̀dọ́ ANC fúnra rẹ̀ ló dáhùn èyí jù. Ní 1944, Anton Lembede, Walter Sisulu, Oliver Tambo àti Nelson Mandela wà lára àwọn tó dá ẹ̀ka náà sílẹ̀. Mandela kò tíì pé ọdún 26. Ẹgbẹ́ ANC ti wà láti 1912, àwọn àgbà rẹ̀ sì ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ní lẹ́tà ti tó: ká dáṣẹ́ sílẹ̀, ká kọ òfin tí kò tọ́. Ní 1949, níbi àpérò Bloemfontein, ẹgbẹ́ gba ètò wọn wọlé, ààrẹ ẹgbẹ́ tí kò fara mọ́ ọn, Dókítà Xuma, sì pàdánù ipò rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ANC di ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Ohun tí ANC ṣe ní 1949 gan-an nìyẹn.

Ẹ wá wo ọdún 60 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Ní 2012, ẹgbẹ́ lé Malema, olórí ẹ̀ka ọ̀dọ́, jáde. Ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ lóòótọ́, n kò gbè é. Ṣùgbọ́n ní 2013, wọ́n tú gbogbo àwọn olórí ẹ̀ka náà ká. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn di agbẹnusọ fún Zuma. Ní 2019, wọ́n tún tú wọn ká, ó sì di 2023 kí wọ́n tó tún yan òmíràn. Ní orílẹ̀-èdè tí ìdajì àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tíì pé ọdún 30, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba fi ọ̀pọ̀ ọdún wà láìsí ẹ̀ka ọ̀dọ́ tó ń ronú fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìdìbò 2024 dé, ọmọ ọdún 71 ni Cyril Ramaphosa, olórí ANC nígbà náà, Zuma tó ń bá a du ìbò sì ti pé 82.

Ọ̀dọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí wọ́n pè wá sọ̀rọ̀ àti ẹni tí wọ́n pè wá ya fọ́tò. Sisulu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí ètò ẹgbẹ́ padà. Bí ètò kò bá lè yí padà, ojú tuntun kò ní mú ìbò kan wá.

Irọ́ keje: Ọ̀dọ́ kì í dìbò, nítorí náà ẹgbẹ́ ńlá kò lè torí wọn ṣubú.

Òótọ́: Ọdọọdún ni àwọn tó rántí 1994 ń dín kù, ọdọọdún ni àwọn tí kò rí i ń pọ̀ sí i. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè dá ìṣirò yìí dúró.

Ìdáhùn tó yá jù wà ní ẹnu ibodè, ní Bòtìswánà. Ẹgbẹ́ BDP ti ń ṣèjọba níbẹ̀ láti ìgbà òmìnira ní 1966. Ìlú tó ń fi dáyámọ́ńdì jẹun ni, gbogbo ayé sì ń yìn ín fún ìṣèjọba tó tòrò. Ọjà dáyámọ́ńdì wá dá, iṣẹ́ ọ̀wọ́n, pàápàá fún ọ̀dọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá 2024, wọ́n dìbò. Nínú ìjókòó 61, BDP rí mẹ́rin. Ẹgbẹ́ UDC ti Duma Boko rí 36, Ààrẹ Mokgweetsi Masisi sì gbà pé wọ́n ti na òun. Ọdún 58 parí láàárín òru kan.

Kí ni ká mú lọ?

Àwọn ọ̀dọ́ Gúúsù Áfíríkà kò ta òmìnira nù. Ìwé ìṣirò ni wọ́n ṣí: iṣẹ́, iná, owó ìlú, ẹnu ọ̀nà tó ṣí tàbí tó tì. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ìbò wọn, níbikíbi tó bá wà, kó mú ìwé yìí wá sílẹ̀, kó dáhùn ohun tó wà nínú rẹ̀, kó fi ìtàn sílẹ̀ fún àwọn òpìtàn.

Mo sì ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí nílé. Àwọn àgbàlagbà Gúúsù Áfíríkà lé ní mílíọ̀nù 40. Kò tó mílíọ̀nù 7 nínú wọn tó dìbò fún ANC. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2024, ẹni ANC ni ilé aṣòfin tún yàn ní ààrẹ. Ìbínú tó jókòó sílé bu agbára ẹgbẹ́ náà kù, kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará Bòtìswánà tó jáde lọ dìbò ló gba tiwọn. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ gba káàdì ìdìbò alálòpẹ́ yín, kí ẹ sì lò ó.